Badagry, Ouidah, Elmina: èwo ni kí ará Èkìtì lọ wò?

Ẹ̀yin Èkìtì kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn èèyàn ń bi mí gan-an lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, pàápàá àwọn tí ẹgbẹ́ wọn tàbí ṣọ́ọ̀ṣì wọn fẹ́ gbé ọkọ̀ jáde, pé nínú Badagry, Ouidah àti Elmina, ibo ló yẹ kéèyàn náwó ọkọ̀ lọ tó bá fẹ́ fojú ara ẹ̀ rí ibi táwọn òyìnbó ti ń ṣòwò létí òkun láyé ọjọ́un. Ìbéèrè gidi ni, torí àwa tá a wà láàárín òkè yìí, Ìkọ̀gòsì àti Àrìnta la mọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti dàgbà tí ò tíì rí òkun rí, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó ṣẹlẹ̀ létí òkun yẹn kan ilé wa níbí gbọ̀ngbọ̀n.

Kí n tètè sọ tèmi kẹ́ ẹ mọ ibi tí mo dúró sí. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lágbára ẹ̀, tí pásípọ́ọ̀tù yín sì wà nílẹ̀, Elmina ni kẹ́ ẹ lọ. Tó bá jẹ́ ọmọ ilé-ìwé lẹ fẹ́ kó jáde, Badagry ni, kẹ́ ẹ má wulẹ̀ ronú ibòmíràn. Ouidah ní tiẹ̀, ìlú tó dáa gan-an ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn tó sì ní sùúrù ló máa jẹ adùn ẹ̀.

Ohun tí mo fi ń yẹ̀ wọ́n wò kì í ṣe bí wọ́n ṣe jìnnà tó, kì í sì í ṣe ibi tí fọ́tò ti máa ń yọ dáadáa. Ohun tó ṣì dúró nílẹ̀ ni. Ṣé ilé tí wọ́n ti ṣòwò yẹn ṣì wà, ṣé èèyàn lè wọnú ẹ̀, kó rí ibi tí wọ́n ń kó ọjà sí, ibi tí wọ́n ń ti èèyàn mọ́, ibi tí ọ̀gá wọn ń sùn, kó wá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ mọ bí gbogbo ẹ̀ ṣe sún mọ́ra tó. Torí ìtàn òwò yìí, a ti gbọ́ ọ nílé-ìwé, a sì ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, ohun tí ìwé ò lè fún wa ni bí inú ilé yẹn ṣe rí.

Elmina, ní Gánà

Ilé olódi tó wà ní Elmina yìí, àwọn Pọtogí ló kọ ọ́ ní 1482, kí Columbus tó wọkọ̀ lọ Amẹ́ríkà rárá. Diogo de Azambuja ni ọ̀gá tí ọba wọn rán wá, ó kó ọmọ ogun àti àwọn bíríkìlà àti káfíńtà wá, bíi 600 èèyàn, àwọn òkúta míì tí wọ́n fi kọ́lé náà ti gbẹ́ tán láti Pọ́túgà, kí wọ́n ṣáà débẹ̀ kí wọ́n tò ó. Kwamena Ansa lolórí ìlú nígbà yẹn, òun ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀. Wúrà ni wọ́n wá wá, èèyàn kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wá rà níbẹ̀, kódà àwọn Pọtogí yìí ló ń lọ ra ẹrú lápá Benin ti Ẹdó, tí wọ́n ń gbé wọn wá sí Elmina láti fi wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Akan. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí yẹn dáadáa: láti apá ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti ń kó èèyàn lọ síbẹ̀, kó tó di pé ọkọ̀ ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá òkun lọ Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ yanturu. Benin tí àwa Èkìtì mọ̀ dáadáa nìyẹn. Ìdí kan pàtàkì tí mo fi ní kẹ́ ẹ lọ Elmina nìyẹn, kì í ṣe ìtàn àwọn ará Gánà nìkan.

Ní 1637 àwọn ará Hóláńdì gbà á lọ́wọ́ Pọtogí. Òkè kékeré kan wà níwájú ilé náà, ibẹ̀ ni wọ́n gbé àgbá sí tí wọ́n yìn ín wọlé títí Pọtogí fi jọ̀wọ́ ara wọn, nígbà tí wọ́n wá gbà á tán àwọn náà kọ́ odi sórí òkè yẹn kí ẹlòmíì má bàa fi irú ọgbọ́n yẹn bá wọn. Ẹ gun òkè yẹn o, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gùn ún, àtibẹ̀ lẹ ti máa rí ilé olódi náà lódindi, funfun báláú létí òkun, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ apẹja aláwọ̀ oríṣiríṣi tó kún ẹnu odò Benya. Ní 1872 ni ará Hóláńdì gbé e fún Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún tó tẹ̀ lé e Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn àgbá wó ìlú àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, torí àwọn ará ìlú ò gbà fún wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo títí dòní. Ní 1896 wọ́n ti Prempeh, ọba Asante, mọ́ inú ilé yìí kí wọ́n tó gbé e lọ Sierra Leone, kó tó wá di Seychelles. Lẹ́yìn òmìnira, ọlọ́pàá fi kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ fúngbà díẹ̀. UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 1979 pẹ̀lú àwọn odi míì létí òkun Gánà, wọ́n sì ṣàtúnṣe ńlá sí i láàárín ọdún 1990 sí 2000.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọlé. Àgbàlá ńlá lẹ máa kọ́kọ́ bá, ilé kan sì wà láàárín gbùngbùn ẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì Pọtogí ni tẹ́lẹ̀. Nígbà táwọn ará Hóláńdì gbà á, wọn ò lò ó fún ìsìn mọ́, ibi títa ọjà ni wọ́n sọ ọ́ dà, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn sókè, wọ́n sì kọ ẹsẹ Sáàmù 132 sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ lédè wọn, pé Síónì ni ibi ìsinmi Olúwa. Ẹ dúró níbi tí ẹsẹ Bíbélì yẹn wà, kẹ́ ẹ wo ilẹ̀. Àgbàlá àwọn obìnrin wà nísàlẹ̀, yàrá tí wọ́n ń há wọn mọ́ yí i ká, ihò afẹ́fẹ́ kékeré ló wà lára ògiri ẹ̀, àti bákóńì tí gómìnà máa ń dúró sí láti yan èyí tó wù ú. Irin róbótó kan wà nílẹ̀ àgbàlá yẹn tí wọ́n ń de obìnrin tó bá ṣagídí mọ́, nínú oòrùn, lójú gbogbo àwọn yòókù. Àtẹ̀gùn kan wà tó gbéra láti ibẹ̀ tó sì já sí yàrá gómìnà tààrà. Kò jìnnà rárá. Èèyàn máa gun ún tán kó tó mọ̀ pé òun ti débẹ̀. Ẹni tó ń gbàdúrà àti ẹni tí wọ́n ń bà jẹ́, ògiri kan ló wà láàárín wọn, kò sí ìwé tó lè fi ìyẹn hàn yín bí ìgbà tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀.

Nísàlẹ̀ náà ni yàrá méjì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan fún sójà òyìnbó tó bá mutí yó tó ṣàṣejù, fèrèsé wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé. Èkejì, agbárí òkú ni wọ́n gbẹ́ sókè ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹrú tó bá gbìyànjú láti sá ni wọ́n ń tì síbẹ̀ láìfún un lóúnjẹ títí á fi kú. Gáìdì máa ń ní kẹ́ ẹ wọlé kó ti ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí èémí ẹ̀ kì í já geere kó dúró síta o, kò sí ẹ̀sín ńbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa wá rí ẹnu ọ̀nà tóóró tí wọ́n ń gbà kó wọn sínú ọkọ̀, kò fẹ̀, èèyàn kan ló lè kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, àti ẹni tó rù pàápàá.

Badagry

Badagry ò ní ilé olódi òyìnbó kankan, ẹ má retí ẹ̀. Ohun tó ní ni ilé àwọn tó bá òyìnbó ṣòwò náà, àwọn èèyàn dúdú bíi tiwa, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó le ní ọ̀nà tiẹ̀. Ilé Sèríkí Williams Abass tí wọ́n ń pè ní Brazilian Baracoon, wọ́n ní bíi 1840 ni wọ́n kọ́ ọ, yàrá 40 ni wọ́n sì sọ pé ó wà níbẹ̀ láyé ọjọ́un tí wọ́n ń kó ẹrú sí. Ẹrú lòun fúnra ẹ̀ o. Wọ́n mú un ní kékeré, ó dé Brazil, ó kọ́ èdè òyìnbó níbẹ̀, ó padà wálé ó wá di ẹni tó ń ta ẹlòmíì, nígbà tó yá ó tún joyè ńlá, ó kú ní 1919. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ló ṣì ń gbé àgbàlá yẹn, aṣọ wà lórí okùn, ọmọdé ń ṣeré, ẹ máa rí yàrá ẹrú kan tó ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí èèyàn ń dáná nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń kó ọmọ lọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ́, torí ìbéèrè tí ọmọ máa béèrè, pé kí ló dé tí ẹni tí wọ́n tà fi ń ta èèyàn, ìbéèrè tó tọ́ ni, ẹ má fi ọ̀rọ̀ òyìnbó burúkú bò ó mọ́lẹ̀.

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìdílé Mobee náà wà níbẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹsẹ̀, ti ọwọ́, àti èyí tí wọ́n ń fi pa ẹnu dé. Àwọn kan kéré, ọwọ́ ọmọdé ni wọ́n wà fún.

Lẹ́yìn náà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àwọn míṣọ́nnárì CMS fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, wọ́n parí ẹ̀ ní 1845. Ajayi Crowther gbé ibẹ̀. Ẹ ráyè sọ ìtàn ẹ̀ fún àwọn ọmọ: wọ́n mú un ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ Pọtogí ní Èkó, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ ní 1822, ó wá padà sílé bí àlùfáà, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Bíbélì Yorùbá tá a ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìpìlẹ̀ ẹ̀. Àwọn míì bíi tiẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí omi ló padà dé Èkó, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà nínú wọn, irú wọn ló dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó tí wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ò jìnnà sí wa.

Ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ kọjá ọ̀sà sí erékùṣù Gberefu, kẹ́ ẹ wá fẹsẹ̀ rìn nínú yanrìn títí dé etí òkun. Wọ́n máa fi kànga kan hàn yín lójú ọ̀nà, pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi ẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ rí i pé gbogbo èèyàn wọ ẹ̀wù ìgbàlà kí ọkọ̀ tó ṣí, kẹ́ ẹ má gbà kí wọ́n kó èèyàn jù sínú ọkọ̀ kan. Tí wọn ò bá ní ẹ̀wù tó kárí, ẹ dá owó yín padà sápò.

Ouidah, ní Bẹ̀nẹ̀

Òwò Ouidah pọ̀ ju ti ibi méjèèjì tó kù lọ tó bá jẹ́ ti ẹrú. Òyìnbó mẹ́ta ló kọ́ odi síbẹ̀, Pọtogí, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, ìjọba ọba Dàhòmì sì gba ìlú náà ní 1727. Ti Pọtogí nìkan ló kù, wọ́n kọ́ ọ ní 1721. Ìtàn ẹ̀ ṣàjèjì gan-an: Pọ́túgà ò gbé e sílẹ̀ títí Dàhòmì, orúkọ tí wọ́n ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà yẹn, fi gba òmìnira ní 1960, àgbàlá kékeré yẹn nìkan ni wọ́n ṣì ń pè ní ilẹ̀ wọn láàárín ìlú, ọdún tó tẹ̀ lé e ni Dàhòmì ní kí wọ́n jáde, ọkùnrin tó ń ṣojú wọn níbẹ̀ sì dáná sun ilé kó tó lọ. Wọ́n tún un kọ́, ó sì di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1967. Iṣẹ́ àtúnṣe ńlá tún ti ń lọ níbẹ̀ láti ọdún mélòó kan báyìí, nítorí náà ẹ pe ẹni tó wà nílùú yẹn kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ bi í pé ṣé wọ́n ṣí i.

Àmọ́ ká tiẹ̀ ní wọ́n tì í, ọ̀nà ló gbé Ouidah yọ. Bíi kìlómítà mẹ́rin ni láti gbàgede tí wọ́n ti ń ta ẹrú nítòsí ilé de Souza, ọkùnrin ará Brazil tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ọba Ghezo ti Dàhòmì, títí dé etí òkun. Ère wà lójú ọ̀nà, ibi igi ìgbàgbé wà, wọ́n ní ọkùnrin máa yí i po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje. Ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ sétí òkun, 1995 ni wọ́n ṣí i, ohun ìrántí ni, kì í ṣe ilé àtijọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan pè é ní ibi tí wọ́n há ẹrú mọ́. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín o, ẹ má gun ọ̀kadà. Àwọn èèyàn Clotilda, ọkọ̀ ẹrú tó dé Alabama ní 1860, Ouidah ni wọ́n ti wọkọ̀, àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má kó ẹrú wọlé mọ́. Púpọ̀ nínú wọn, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Ọ̀kan nínú wọn, Kossola tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, wà láàyè títí di 1935, ìgbà yẹn àwọn bàbá wa àgbà kan ti ń lọ sílé-ìwé.

Tẹ́ńpìlì òjòlá náà wà nílùú, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá. Àwọn kan láti ilé ò ní fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ má fipá mú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró síta.

Ọ̀nà àti owó

Láti Adó, ẹ lè gba Àkúrẹ́ já sí Oǹdó àti Ọ̀rẹ̀ wọ Èkó, tàbí Ìléṣà, Ifẹ̀, Ìbàdàn. Èyí ó wù kẹ́ ẹ gbà, ẹ sùn ní Èkó. Ẹni tó bá sọ pé òun máa lọ Badagry láti Èkìtì kóun sì padà lọ́jọ́ kan náà, ọkọ̀ ló máa jókòó sí, kò ní rí nǹkan kan. Badagry ò gba pásípọ́ọ̀tù, náírà lẹ máa ná, Yorùbá lẹ máa sọ, tí wọ́n bá sọ Ègùn síra wọn wọ́n á tún yí i padà fún yín. Fún ilé-ìwé, kò sí èyí tó fi dáa jù bẹ́ẹ̀.

Ouidah gba bọ́dà kan, Sẹ̀mẹ̀, ó sì tó 40 kìlómítà lẹ́yìn Cotonou. Elmina gba mẹ́ta: Sẹ̀mẹ̀, bọ́dà Bẹ̀nẹ̀ sí Tógò, àti Aflao tẹ́ ẹ ti máa wọ Gánà. Ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà sí ibì kankan nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé tó péye lọ́wọ́, pásípọ́ọ̀tù ECOWAS àti káàdì yẹ́lò tí ẹ gba abẹ́rẹ́ sí ní tòótọ́. Owó sẹ́fà ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, sídì ní Gánà, ẹ ṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní Ouidah, tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ Faransé, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá gáìdì tó gbọ́ Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó, torí ẹni tó ń rìn láìgbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, igi àti ère ló máa wò. Elmina, Gẹ̀ẹ́sì ni gáìdì ń sọ, owó rẹ̀ sì máa ń wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì. Láti Accra, Kaneshie ni mọ́tò Cape Coast ti ń gbéra, Elmina sì wà níwájú Cape Coast díẹ̀, bíi kìlómítà 12. Ilé olódi míì wà ní Cape Coast náà, ti Gẹ̀ẹ́sì, ó tóbi, àwọn kan máa ń fẹ́ rí méjèèjì lọ́jọ́ kan. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ ní Japan, torí ọmọ Èkìtì ò sí níbi tí wọn ò sí, ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ Dejima ní Nagasaki. Erékùṣù tí wọ́n fọwọ́ ṣe ni, 1636, wọ́n há àwọn ará Hóláńdì mọ́ ibẹ̀ láti 1641 fún ọdún tó ju 200 lọ, afárá kan ṣoṣo, ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò lè wọ ìlú láìgbàṣẹ. Wọ́n ti tún ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ilé ẹrù, ilé ọ̀gá wọn, ṣúgà ni wọ́n ń kó wọlé, bàbà ni wọ́n ń kó lọ. Àwọn ará Hóláńdì kan náà tó gba Elmina ní 1637 ni o! Ní Nagasaki àwọn ni wọ́n tì mọ́lé, ní Elmina àwọn ló ń tilẹ̀kùn mọ́ èèyàn. Ẹni tó bá ti rí méjèèjì á mọ̀ pé kì í ṣe bí òyìnbó ṣe lágbára tó nìkan ló ṣe é, bí ìjọba ìlú tí wọ́n bá níbẹ̀ ṣe dì í mú náà wà ńbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti wá mú Elmina, ẹ má lọ lásìkò òjò ńlá, May sí June, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró de ọdún Bakatue tí wọ́n ń ṣe ní Tuesday àkọ́kọ́ nínú July, nígbà tí wọ́n máa ń ṣí odò fún ẹja pípa. Ẹ sùn ní Elmina mọ́jú, kẹ́ ẹ débi ilé náà láàárọ̀ kùtù kí èrò ilé-ìwé tó kún ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì wọ bàtà tí ò ní yọ̀, ilẹ̀ yàrá ìsàlẹ̀ yẹn kì í gbẹ tán. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, ọ̀nà kan náà ló máa gbé yín kọjá Ouidah: ẹ sọ fún dírẹ́bà ṣáájú, kẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ rin kìlómítà mẹ́rin yẹn nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sùn ní Cotonou.